Ojú Pákó Ni Kí Ẹ Wò

Àwa méjì la jọ lọ. Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Ìgbókòdá ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tó ti ń gbé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù tipẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n, ló ní kí n wá bá òun wo ọkọ̀ onígi létí Odò Thames. Bí a ṣe débẹ̀ ni mo yọ fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán: fáníìṣì tó ń dán bíi dígí, idẹ tí wọ́n ti nù títí tó fi ń kọ mànà sójú ẹni, àsíá wẹ́wẹ́ láti orí òpó títí dé iwájú ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó lóṣòó sétí omi, ó ń wo ibi tí pákó kan ti pàdé èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kan.

"Ojú pákó ni kó o wò," ló wí. "Fáníìṣì, ta ni ò lè kùn ún?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi wo gbogbo ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà. Òun náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí.

St Katharine Docks ni ibi tí à ń wí yìí, ó wà ní ìlà-oòrùn Tower of London gan-an. Ẹni tó bá sọ̀ ní ibùdókọ̀ Tower Hill á rìn ín ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Adágún omi mẹ́ta ni, ilé yí wọn ká, ibẹ̀ pa rọ́rọ́, ilé oúnjẹ pọ̀, àwọn olówó sì so ọkọ̀ ìgbafẹ́ wọn mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìparọ́rọ́ yẹn tàn yín. Thomas Telford ló ya àwòrán èbúté náà, ọdún 1828 ni wọ́n sì ṣí i. Kí wọ́n tó rí ilẹ̀ gbẹ́, wọ́n wó nǹkan bí ilé 1,250, wọ́n sì lé ènìyàn bíi 11,300 kúrò; ọ̀pọ̀ nínú wọn, torí pé ayálégbé ni wọ́n, kò gba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá rántí bí wọ́n ṣe wó Màrókò ní Èkó mọ bí irú rẹ̀ ṣe ń rí. Ilé ẹrù kan tó ní aago lórí ṣì wà láàárín ibẹ̀. Ivory House ni wọ́n ń pè é títí dòní, ìyẹn Ilé Eyín Erin, nítorí pé eyín erin wà lára ẹrù olówó iyebíye tí wọ́n ń kó pamọ́ síbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í di ràgàjì, ẹnu ọ̀nà èbúté náà ò gbà wọ́n mọ́, ọdún 1968 ni wọ́n tì í pa. Ẹnu ọ̀nà tóóró tó lé ọkọ̀ ńlá lọ náà ló wá bá ọkọ̀ kékeré mu. Ní oṣù kẹsàn-án, ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó ní ọkọ̀ onígi àtijọ́ máa ń kó wọn wá síbẹ̀, wọ́n á so wọ́n mọ́ra wọn, wọ́n á sì jẹ́ kí aráyé wá wò wọ́n. Wọn kì í gbowó ìwọlé.

Kí ọkọ̀ tó wọ ibẹ̀, omi ló máa sọ ìgbà. Thames tó kọjá lẹ́yìn ògiri èbúté náà jẹ́ odò tí òkun ń tì wọlé tó sì ń fà jáde lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Nítòsí Tower Bridge, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà lè tó mítà méje nígbà tí òṣùpá bá kún tàbí tó bá mókùnkùn. Tí kì í bá ṣe pé ìlẹ̀kùn wà lẹ́nu èbúté tó ń dá omi dúró sínú, gbogbo ọkọ̀ inú rẹ̀ á jókòó sínú ẹrẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Wọ́n ń ṣí ìlẹ̀kùn yẹn láti wákàtí méjì ṣáájú kí omi tó kún tán títí di wákàtí kan àbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá pẹ́ dé, ìta ni yóò dúró sí títí omi mìíràn yóò fi wọlé.

Tower Bridge náà kò ju ìjù òkò kan síbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí afárá náà ní 1894, ọkọ̀ odò ló ní ọlá ju mọ́tò lọ níbẹ̀. Ọkọ̀ tí òpó rẹ̀ bá ga tó 30 ẹsẹ̀ bàtà, tó sì fi wákàtí 24 sọ tẹ́lẹ̀, wọ́n á ṣí afárá fún un láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1997, báàjì onígbòkun kan tó ń jẹ́ Gladys ń kọjá lọ ní àkókò tí wọ́n ti bá a dá, ó ń bọ̀ wá sí St Katharine Docks yìí. Bill Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, pẹ̀lú Tony Blair, olórí ìjọba Ìlú Ọba, ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò ni. Afárá ṣí, ó gé ọ̀wọ́ mọ́tò ààrẹ sí méjì, ìdajì níhìn-ín, ìdajì lọ́hùn-ún, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ṣọ́ àti ìbọn wọn. Ọkọ̀ onígi tí wọ́n kàn ní 1901 ló kọjá lọ jẹ́jẹ́.

Ká padà sí ojú pákó. Ọkọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ mọ̀ láyé rẹ̀ ni èyí tí wọ́n gbẹ́ láti ara ìtì igi kan ṣoṣo. Igi kan, ara kan. Kò síbi tí omi máa gbà wọlé àyàfi tí igi fúnra rẹ̀ bá là. Ṣùgbọ́n ìtì igi ò lè ju bó ṣe mọ lọ. Ẹni tó bá ń fẹ́ ọkọ̀ tó gbòòrò ju igi lọ gbọ́dọ̀ fi pákó kàn án, ibi tí pákó bá sì ti pàdé pákó, ibẹ̀ ti di ẹnu. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n àwọn tó ń kan ọkọ̀ onígi, bí wọ́n ṣe máa pa ẹnu yẹn dé ni.

Ọ̀nà méjì ni ẹ máa rí létí omi yẹn. Nínú àkọ́kọ́, wọ́n to pákó bí wọ́n ṣe ń to páànù òrùlé: etí ti òkè gun etí ti ìsàlẹ̀, wọ́n sì fi ìṣó bàbà gún méjèèjì pọ̀, wọ́n tẹ orí ìṣó náà mọ́lẹ̀ nínú lọ́hùn-ún kó má lè yọ mọ́. Tí ẹ bá fọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ yín á máa gun àtẹ̀gùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ti ìwakọ̀ odò àti ti ẹja pípa. Nínú ọ̀nà kejì, etí pákó dojú kọ etí pákó, ara ọkọ̀ sì tẹ́jú bí ara ìgò. Èyí ni wọ́n fi ń kan ọkọ̀ tó wúwo, òun náà ló sì ní iṣẹ́ jù, nítorí pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ láàárín pákó méjì ní ìta. Wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ àti òòlù onígi gbá òwú wọnú àlàfo náà. Ọkọ̀ ńlá kì í lo òwú nìkan, wọ́n tún ń fi fọ́nrán okùn àtijọ́ tí wọ́n ti pa lọ́dà lé e. Ọ̀dà dúdú gbígbóná tàbí nǹkan bí àpòpọ̀ ẹfun àti òróró ló máa bo gbogbo rẹ̀. Àwọn fọ́nrán okùn yẹn ní ìtàn tiwọn: láyé Ọbabìnrin Victoria, àwọn ẹlẹ́wọ̀n àti àwọn tálákà inú ilé ìṣẹ́ àwọn aláìní ni wọ́n ń fi ìka tú okùn ọkọ̀ tó ti gbó, títí èékánná wọn á fi máa ṣẹ̀jẹ̀. Èmi ò lè wo àlàfo tí wọ́n dí yẹn kí n má rántí wọn.

Ohun tó ya mí lẹ́nu jù ni pé kì í ṣe òwú ló ń dá omi dúró. Igi ni. Tí ọkọ̀ bá wọ omi, pákó á mu omi, á wú, á fún ara wọn pọ̀, á sì fún òwú tó wà láàárín wọn títí ọ̀nà á fi dí. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ onígi tó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ fi máa ń jò bí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ sódò. Olówó rẹ̀ á fi pọ́ǹpù fa omi rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, á fà á lọ́jọ́ kejì, kò ní bẹ̀rù. Bó bá yá, ọkọ̀ á mu omi yó, á panu dé fúnra rẹ̀. Ilé wa, omi ló ń ba igi ilé jẹ́. Ọkọ̀ onígi ní tirẹ̀, gbígbẹ ló ń pa á.

Ẹni tó bá rò pé àbùmọ́ ni, kó wo Dufuna. Ní 1987, darandaran kan tó ń gbẹ́ kànga ní abúlé yẹn, ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Yobe, fi irin kan igi líle nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ọkọ̀ ni, gígùn rẹ̀ lé ní mítà mẹ́jọ, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Inú amọ̀ tútù tí afẹ́fẹ́ ò dé ló sùn sí látọjọ́ yẹn tí kò fi jẹrà. Ìgbà tí wọ́n wá gbé e jáde sínú afẹ́fẹ́ ni ìtọ́jú rẹ̀ di iṣẹ́ ńlá.

Ọ̀tá ọkọ̀ kejì wá dà? Òjò ni. Omi iyọ̀ tó wà nísàlẹ̀ kò jẹ́ kí igi tètè rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kòkòrò kan wà nínú òkun tó ń dá igi lu bí ajere. Àmọ́ omi òjò tó bá gba orí ọkọ̀ wọlé, tó lúgọ sí kọ̀rọ̀ tí afẹ́fẹ́ ò dé, òun ló ń sọ pákó di búrẹ́dì. Nítorí náà, tí ẹ bá ń wo ọkọ̀, ẹ wo abẹ́ fèrèsé, ẹ wo ibi tí òpó ti wọnú ọkọ̀, ẹ wo igun. Tí olówó ọkọ̀ bá gbà fún yín, ẹ fi oríkèé ìka kan pákó. Igi tó le á dáhùn kéékéé bí ìgbà tí wọ́n kan ìlẹ̀kùn. Èyí tó ti rà á kàn ṣe bù, bí ẹni tó kan irọ̀rí. Ẹ̀gbọ́n kan mẹ́rin, ó mi orí sí ẹ̀kẹrin, kò sì sọ nǹkan kan fún ẹni tó ni ín. Ìwà ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n títí di òní mi ò mọ̀ bóyá kò yẹ kó sọ.

Inú ọkọ̀ kan tó jẹ́ ti bàbá arúgbó kan la wà nígbà tí ọ̀rọ̀ di tiwa. Mo béèrè irú igi tí wọ́n fi tẹ́ òkè ọkọ̀ rẹ̀, torí pé àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí epo tó dì. Bàbá òyìnbó yìí dá mi lóhùn pé "ìrókò" ni. Ó pè é lọ́nà tiwọn, ohùn rẹ̀ ṣẹ́, àmọ́ ìrókò náà ni. Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín, ó ní kó tún un pè. Tíìkì ni igi tí àwọn akànkọ̀ fẹ́ràn jù, torí òróró inú rẹ̀ ń lé ìjẹrà. Bí tíìkì ṣe ń wọ́n ni wọ́n ń yà sọ́dọ̀ ìrókò tó ní irú òróró bẹ́ẹ̀, tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ Yorùbá rẹ̀ bá a wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlú Ọba, ó sì wọ ìwé atúmọ̀ èdè wọn. Igi sapele tí wọ́n tún ń lò dáadáa, ìlú Sapele ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ tiwa lọ́hùn-ún ló ti gba orúkọ. Bàbá yẹn sọ fún wa pé àwọn tó ń rẹ́ ìrókò gbọ́dọ̀ bomú, nítorí pé eruku rẹ̀ ń mú ènìyàn sín, ó ń yún ara, ó sì ń dí àwọn mìíràn léèémí.

Ẹ̀gbọ́n yí sí mi, ó fi Yorùbá sọ ọ́: "Olúwéré inú ìrókò ò tíì dárí jì wọ́n nìyẹn."

Lára gbogbo ọkọ̀ tó wà níbẹ̀, báàjì onígbòkun ti Thames ni èmi fún ní ipò kìíní. Ìgbòkun wọn pọ́n bí osùn: epo ẹja àti erùpẹ̀ pupa ni wọ́n fi ń pa aṣọ náà kí òjò má baà jẹ ẹ́. Ìdí wọn pẹlẹbẹ, kí wọ́n lè jókòó sórí ẹrẹ̀ nígbà tí omi bá fà, kí wọ́n já ẹrù, kí omi tó tún gbé wọn dìde. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ á máa tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́; ni wọ́n bá so pákó ńlá bí ìyẹ́ mọ́ ọn lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tí wọ́n ń sọ èyí tí wọ́n bá fẹ́ sódò láti fi di omi mú. Ènìyàn méjì péré ló ń tu ọkọ̀ tó gùn tó 80 ẹsẹ̀ bàtà yìí: ọ̀gá kan, ọmọṣẹ́ kan. Nígbà kan rí, wọ́n ń kó koríko gbígbẹ láti Essex àti Suffolk wá fún àwọn ẹṣin Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á sì kó ohun tí ẹṣin bá yà padà fún àwọn àgbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n lé ní 2,000. Èyí tó kẹ́yìn tó ń fi ìgbòkun nìkan kó ẹrù, láìní ẹ̀ńjìnnì, ni Cambria, tí wọ́n kàn ní 1906. Ọdún 1970 ló fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Cambria yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti Ẹ̀gbọ́n. Láàárín 2007 sí 2011, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tún un kàn tán ní Faversham. Pákó tuntun rọ́pò ògbólógbòó láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo ní ọkọ̀ tuntun nìyẹn, orúkọ àtijọ́ ni wọ́n kàn fi bò ó. Ẹ̀gbọ́n wò mí bí ẹni wo ọmọdé. "Tó o bá pààrọ̀ páànù ilé bàbá rẹ, tó o tún ògiri rẹ̀ mọ, ṣé ilé aládùúgbò lo wá ń gbé ni?" Mo dákẹ́. Gbogbo ọkọ̀ onígi tí ẹ bá rí tó ti pé 100 ọdún lójú omi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé e dé ibẹ̀, pákó kan lẹ́yìn òmíràn.

Àwọn kan wà tí ẹ máa rí àwo idẹ lára wọn tí wọ́n kọ "Dunkirk 1940" sí. Láàárín 26 oṣù karùn-ún sí 4 oṣù kẹfà ọdún yẹn, nígbà tí Jámánì há àwọn ọmọ ogun mọ́ etíkun Faransé, ọkọ̀ ẹja, ọkọ̀ ìgbafẹ́ àti báàjì wà lára àwọn tó lọ kó wọn. Àwọn tí wọ́n rí gbà là lápapọ̀ lé ní 338,000. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí ẹ rí tó ní aṣọ fèrèsé olódòdó yẹn, ó lè jẹ́ pé ìbọn ti dún lórí rẹ̀ rí. Èyí tó kéré jù nínú wọn, Tamzine, kò ju 15 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ilé Imperial War Museum ló wà, ní orí ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń pe ọkọ̀ inú mùsíọ́ọ̀mù ní ẹja yíyan: kì í bàjẹ́, kì í sì lúwẹ̀ẹ́ mọ́.

Mi ò fẹ́ pẹ́ lórí Gloriana, ọkọ̀ tí wọ́n fi wúrà kùn, tí àwọn atukọ̀ 18 ń wà, tí gbogbo èrò ń tò láti bá ya àwòrán níbikíbi tó bá gúnlẹ̀ sí. Ó rẹwà lóòótọ́. Ọdún 2012 ni wọ́n kàn án fún ayẹyẹ 60 ọdún Ọbabìnrin Elizabeth Kejì lórí oyè, kò tíì jìyà òjò tó kí n tó lè yìn ín.

Ohun kan ṣẹ́kù, ọ̀rọ̀ ìwà. Ọkọ̀ kì í ṣe ọjà Ojúẹlẹ́gba. Ilé ẹni ni, àwọn mìíràn ń sùn nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ẹ dúró létí omi, ẹ kí olówó rẹ̀, ẹ béèrè bóyá ẹ lè wọlé. Púpọ̀ nínú wọn ń retí ẹni tó máa béèrè ìbéèrè gidi: igi wo ni, ta ló kàn án, ìgbà wo lẹ yọ pákó kẹ́yìn. Ẹ béèrè "èló ni" kẹ́yìn, tí ẹ bá fẹ́ béèrè ẹ rárá, nítorí pé owó tí wọ́n ń ná sórí rẹ̀ lọ́dọọdún kì í ṣe kékeré, ọ̀rọ̀ náà sì ń dun ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ má fi gìgísẹ̀ bàtà líle tẹ pákó onípákó.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ wo àkókò tí omi máa kún lọ́jọ́ náà kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì débẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú rẹ̀, torí ìgbà yẹn ni ìlẹ̀kùn wà ní ṣíṣí tí ọkọ̀ ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ máa ní kí ẹ bọ́ bàtà. Ẹ yẹ ìbọ̀sẹ̀ yín wò láti ilé. Tèmi ní ihò lọ́jọ́ náà, Ẹ̀gbọ́n ò sì tíì dákẹ́ lórí ẹ̀.